Íápíìsì yín ń ṣe "ṣìì"? Ẹ má tíì jù ú nù: ohun tó ń fà á àti bí ẹ ṣe lè dín in kù

Ẹ ki íápíìsì olówó gọbọi bọ etí, ẹ so ó mọ́ láàpútọ́ọ̀pù tàbí míksà. Ẹ ò tíì tẹ orin kankan, síbẹ̀ ẹ ń gbọ́ "ṣìì" wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ìgbà tí òjò ń rọ̀ sórí páànù ilé kejì. Ohun tó máa kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni pé ayédèrú ni wọ́n tà fúnni. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Kò sóhun tó ṣe íápíìsì náà. Etí ẹ̀ ló mú jù, débi pé ó ń gbọ́ èémí ẹ̀rọ tí ẹ so ó mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀pọ̀ èèyàn báyìí. Láyé àtijọ́, sípíkà ńlá tí wọ́n gbé dojú kọ akọrin lórí ìtàgé ló fi ń gbọ́ ara ẹ̀. Lónìí, ọ̀pọ̀ akọrin, onílù àti àwọn tó ń darí orin ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ti ń lo èyí tí wọ́n ń kì wọnú ihò etí, tí àwọn onímọ̀ ohùn ń pè ní in-ear monitor. Àwa náà tá à ń ṣiṣẹ́ rédíò ń lò ó, yálà nídìí gbohùngbohùn tàbí nídìí kọ̀ǹpútà tá a fi ń gé ìròyìn. Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí "ṣìì" ti ń wá, ká sì wo ohun tá a lè ṣe sí i láì ba ohùn jẹ́.

Ewu wo ló wà nínú "ṣìì" kékeré?

Ó kéré tán, ewu mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé ó máa ń ṣini lọ́nà. Ẹni tó ń gé ìròyìn á rò pé inú ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ni ariwo náà wà, á wá fi ètò apariwo orí kọ̀ǹpútà ha ohùn yẹn títí tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á fi dà bí ẹni tó wà nínú ìkòkò omi. Nínú èdè Yorùbá, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Òkè ohùn, níbi tí "ṣìì" ń gbé, náà ni lẹ́tà "s" àti "ṣ" ń gbé. Tí a bá ha ibẹ̀ jù, ó lè ṣòro fún olùgbọ́ láti mọ̀ bóyá ẹlẹ́rìí ń sọ pé ọkùnrin náà sá ni, tàbí pé ó ṣá èèyàn. Ẹ̀yin náà mọ bí ìròyìn méjèèjì ṣe jìnnà síra wọn tó.

Ewu kejì wà fún etí fúnra ẹ̀. Ẹni tí "ṣìì" ń dà láàmú á máa gbé ohùn sókè kó lè bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ̀kẹta ni owó: èèyàn á ta íápíìsì tó dáa ní ẹ̀dínwó, á lọ ra òmíràn, yóò sì tún bá "ṣìì" kan náà pàdé. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tó ti ń wá

Ká tó wá oògùn, ká dán nǹkan mẹ́ta wò. Kò náni ní kọ́bọ̀.

Àkọ́kọ́, ẹ dá ohun tí ẹ ń gbọ́ dúró. Tí "ṣìì" bá bá a dúró lójú ẹsẹ̀, inú ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ló wà. Gbohùngbohùn tàbí yàrá tí wọ́n ti gbà á ló yẹ kí ẹ yẹ̀ wò. Tí orin bá dúró àmọ́ tí "ṣìì" ṣì ń bá a lọ, ẹ̀rọ ló ń ṣe é. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ẹ dá a dúró, torí pé àwọn fóònù àti láàpútọ́ọ̀pù kan máa ń pa ampilifáyà wọn fúnra wọn tí ohùn ò bá lọ mọ́. Tí ẹ bá gbọ́ "ṣìì" fún ìgbà díẹ̀, tó wá dákẹ́ lójijì, ampilifáyà ló lọ sùn yẹn.

Ìkejì, láì tẹ orin kankan, ẹ gbé fọ́lúùmù sókè, kí ẹ tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Tí "ṣìì" ò bá pọ̀ sí i, tí kò sì dínkù, a jẹ́ pé lẹ́yìn fọ́lúùmù ni wọ́n ti bí i, nínú ampilifáyà tó gbẹ̀yìn pátápátá, èyí tó ń ti iná lọ sínú íápíìsì. Tó bá ń tẹ̀ lé fọ́lúùmù lọ sókè sódò, iwájú ló ti ń wá. Lórí míksà, ẹ máa pa ojú ọ̀nà gbohùngbohùn kọ̀ọ̀kan títí ẹ ó fi rí èyí tó ń mú un wá.

Ìkẹta, ẹ yọ íápíìsì náà, kí ẹ fi hẹ́dífóònù ńlá tó ń bo gbogbo etí sí ojú ihò kan náà. Tí "ṣìì" bá pòórá, ẹ ti rí ìdáhùn: ẹ̀rọ yẹn àti íápíìsì yín ni ò bára mu.

Ẹ má ṣe da "ṣìì" pọ̀ mọ́ "hùnnn" o. Ohùn ìsàlẹ̀ tó ń rọ́ hùnnn sábà máa ń wá láti ara iná mànàmáná tàbí jẹnẹrétọ̀, tí tiwa ń sáré 50 ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ yọ ṣajà láàpútọ́ọ̀pù kúrò lára iná. Tí hùnnn bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ wáyà iná nìyẹn, kì í ṣe ohun tá à ń sọ lónìí.

Kí ló dé tí hẹ́dífóònù ńlá kì í gbọ́ ọ?

Kò sí ẹ̀rọ iná tó dákẹ́ pátápátá. Lọ́dún 1928, John B. Johnson àti Harry Nyquist, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, gbé àlàyé jáde pé ooru fúnra ẹ̀ máa ń mú kí iná gbọ̀n nínú ohunkóhun tó ń dènà iná, gbígbọ̀n yẹn sì ni ariwo. Nítorí náà, kì í ṣe bóyá ẹ̀rọ ń pariwo la fẹ́ mọ̀. Ohun tá a fẹ́ mọ̀ ni bóyá ariwo ẹ̀ kéré ju ohun tí etí lè gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi méjì tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ohùn mọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Íápíìsì Shure SE846, tó jáde lọ́dún 2013, ń dún tó 114 decibel tó bá gba milliwatt 1 péré, impedance ẹ̀ sì jẹ́ 9 ohm. Hẹ́dífóònù ńlá Sennheiser HD 600 ń dún tó 97 decibel tó bá gba volt 1, impedance tiẹ̀ sì jẹ́ 300 ohm. Ọ̀kan fi milliwatt wọn tiẹ̀, èkejì fi volt, torí náà a ò lè kàn fi 114 wé 97. Tá a bá yí ti Shure padà sí volt, ó máa tó nǹkan bí 134 decibel fún volt 1. Kí ẹnikẹ́ni má dán an wò o, ìṣirò lásán ni. Àlàfo àárín àwọn méjèèjì jẹ́ nǹkan bí 37 decibel. Ìyẹn ni pé iná tí HD 600 nílò láti dún dé ìwọ̀n kan fi nǹkan bí ìlọ́po 70 ju ti SE846 lọ.

Ẹ wá wo ohun tí ìyẹn ń fà. Ká ní ariwo ampilifáyà kan ò ju ìdá kan nínú 100,000 volt lọ. Nínú HD 600, ariwo yẹn á bọ́ sísàlẹ̀ òdo decibel, etí ò sì ní gbọ́ ọ rárá. Nínú SE846, á tó nǹkan bí 34 decibel, ẹni tó wà nínú yàrá tó dákẹ́ sì máa gbọ́ ọ kedere. Ẹ̀rọ kan náà ni, ariwo kan náà ni. Etí tó ń gbọ́ ọ ló yàtọ̀.

Èyí náà ló fà á tí títẹ fọ́lúùmù sílẹ̀ kì í fi í ran ẹni tó ń lo íápíìsì bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Orin á lọ sílẹ̀, ariwo á dúró síbi tó wà, "ṣìì" á wá túbọ̀ hàn síta.

Impedance: ìbáramu kì í ṣe ìdọ́gba

Impedance ni bí nǹkan ṣe ń dènà iná tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú ẹ̀ tó, ohm la sì fi ń wọ̀n ọ́n. Íápíìsì ní tiẹ̀, ojú ihò tí ẹ ń kì í bọ̀ náà sì ní tiẹ̀. Ẹ ro ó bí ilé tí tánkì kan ń pín omi fún. Tí páìpù tó ti ara tánkì wá bá fẹ̀, ẹni ìsàlẹ̀ lè ṣí ẹ̀rọ omi tiẹ̀, ẹni òkè ò ní mọ̀. Tí páìpù ọ̀hún bá rí tín-ín-rín, bí ẹni kan bá ti ń bu omi púpọ̀, ti àwọn yòókù á dínkù. Impedance ojú ihò ẹ̀rọ ni páìpù yẹn. Bó bá ṣe ga tó ni páìpù ṣe rí tín-ín-rín tó.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé kí impedance bára mu túmọ̀ sí kí méjèèjì dọ́gba. Láyé wáyà tẹlifóònù àtijọ́, wọ́n máa ń fi 600 ohm sí ìhín, 600 ohm sí ọ̀hún, kí agbára lè kọjá dáadáa. Ọ̀rọ̀ íápíìsì ò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tá a fẹ́ níbí ni kí ti ẹ̀rọ kéré gan-an sí ti íápíìsì. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ ohùn sábà máa ń tẹ̀ lé ni pé kó má ju ìdá kan nínú mẹ́jọ lọ. Fún íápíìsì tó jẹ́ 32 ohm, ojú ihò ò gbọ́dọ̀ ju 4 ohm lọ. Fún SE846 tó jẹ́ 9 ohm, ó yẹ kó wà ní nǹkan bí 1 ohm.

Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Impedance íápíìsì kì í dúró sójú kan, pàápàá èyí tí wọ́n kó sípíkà kéékèèké mélòó kan jọ sínú ẹ̀. Ó lè kéré níbi ohùn kan, kó ga níbòmíràn. Ká ní ó ń lọ láti 8 ohm dé 32 ohm. Tí ojú ihò bá jẹ́ 1 ohm, ìyàtọ̀ tí ìyẹn máa fà nínú ohùn ò tó decibel 1. Tó bá jẹ́ 10 ohm, ìyàtọ̀ náà á sún mọ́ decibel 5. Ìlù ìsàlẹ̀ lè fẹ́ẹ́rẹ́ jù, tàbí kí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti aro máa gún etí, ẹ̀yin á wá máa bú ẹni tó wà nídìí míksà.

Ìdí tí irú ojú ihò bẹ́ẹ̀ fi wà ni pé wọn ò ro íápíìsì òde òní nígbà tí wọ́n ń ṣe wọ́n. Ìlànà IEC 61938 tó jáde lọ́dún 1996 pàápàá dá a lábàá kí ojú ihò hẹ́dífóònù jẹ́ 120 ohm. Hẹ́dífóònù ńlá lè fara da ìyẹn. Íápíìsì 9 ohm ò lè fara dà á.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: àìsàn méjì ló wà níbí. "Ṣìì" ń wá torí pé etí íápíìsì mú. Ohùn tó yí padà ń wá torí pé impedance ojú ihò ga jù. Oògùn tó ń wo ọ̀kan lè dá èkejì sílẹ̀.

Àwọn ọ̀nà àbáyọ

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tí kì í náni lówó. Tí ampilifáyà yín bá ní bọ́tìnnì tí wọ́n kọ "gain" sí, ẹ fi sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Lórí àwọn kan, "ṣìì" á dínkù lójú ẹsẹ̀. Ẹ tún lè gbìyànjú ojú ihò mìíràn. Wáyà kékeré tá a ń kì bọ ojú ihò ṣajà fóònù, kó lè gba íápíìsì, lè dákẹ́ ju ojú ihò láàpútọ́ọ̀pù tàbí míksà ńlá lọ, impedance àwọn kan lára wọn ò sì ju nǹkan bí 1 ohm lọ.

Tí ìyẹn ò bá tó, ohun tó kàn ni ohun kékeré tí wọ́n ń pè ní attenuator. Àárín ẹ̀rọ àti íápíìsì ni wọ́n ń fi í sí. Iṣẹ́ ẹ̀ ni láti dín orin àti ariwo kù pọ̀. Ẹ̀yin á wá gbé fọ́lúùmù ẹ̀rọ sókè kí orin lè padà síbi tó wà, àmọ́ ariwo tí kì í tẹ̀ lé fọ́lúùmù ò ní lè padà. Àwọn tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ wà lọ́jà. Ilé-iṣẹ́ iFi ní Ìlú Ọba ń ṣe ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní iEMatch, tó lè dín ohùn kù ní decibel 12 tàbí 24.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ lè ṣe tiẹ̀ pẹ̀lú resistor méjì fún apá òsì, méjì fún apá ọ̀tún. Fún íápíìsì 9 ohm, ẹ fi resistor 10 ohm sójú ọ̀nà wáyà tó ń gbé ohùn bọ̀. Lẹ́yìn ẹ̀, lápá ibi tí íápíìsì wà, ẹ fi resistor 1 ohm dábùú láti wáyà ohùn sí wáyà ilẹ̀. Orin àti ariwo á lọ sílẹ̀ ní nǹkan bí decibel 22. "Ṣìì" tó wà ní 34 lẹ́ẹ̀kan á bọ́ sí nǹkan bí 12, ibi tí ariwo fáànù lásán ti máa bò ó mọ́lẹ̀. Íápíìsì á máa rí ojú ihò tí ò tó 1 ohm, ẹ̀rọ á sì máa rí nǹkan bí 11 ohm, tí kò ni ín lára ju íápíìsì fúnra ẹ̀ lọ. Ẹ má ṣe gbé 1 ohm síwájú 10 ohm o. Ṣe ló máa dà bí ẹni tó so wáyà ampilifáyà pọ̀ mọ́ ara wọn, ampilifáyà náà sì lè bà jẹ́.

Àwọn kan máa ń gba èèyàn nímọ̀ràn pé kí ó kàn fi resistor kan ṣoṣo sójú ọ̀nà. Lóòótọ́, "ṣìì" á dínkù. Àmọ́ ẹ ti sọ páìpù di tín-ín-rín nìyẹn, ohùn á sì yí padà. Ilé-iṣẹ́ Etymotic mọ̀ọ́mọ̀ lo ọgbọ́n yìí: íápíìsì wọn ER-4P jẹ́ 27 ohm, ER-4S sì jẹ́ 100 ohm, wáyà tó ní resistor 75 ohm ni wọ́n fi ń sọ P di S. Wọ́n fẹ́ kí ohùn yàtọ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kí ohùn yín dúró bó ṣe wà, ẹ yẹra fún un. Wáyà olówó pọ́ọ́kú tó ní fọ́lúùmù kékeré lára náà ń ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Bẹ́ ẹ ṣe ń yí i ni ohùn lè máa yí padà.

Fún àwọn tó ń lo èyí tí ò ní wáyà lórí ìtàgé, ọ̀rọ̀ kan tún kù. Tí ohùn tó ń ti míksà lọ sínú ẹ̀rọ tó ń fi í ránṣẹ́ bá kéré jù, akọrin á gbé fọ́lúùmù àpótí ìbàdí ẹ̀ sókè, á sì gbé ariwo inú afẹ́fẹ́ sókè pẹ̀lú ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ohùn tó ń wọlé lágbára dáadáa láì jẹ́ kí iná pupa tàn, kí ẹ wá rẹ àpótí ìbàdí sílẹ̀.

Ẹ ṣọ́ etí yín

Attenuator ní ewu tiẹ̀. Tí ẹ bá ti gbé fọ́lúùmù ẹ̀rọ sókè nítorí ẹ̀, tí ẹnì kan wá yọ ọ́ kúrò, tó ki íápíìsì tààrà bọ ojú ihò, ohùn á fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà ní decibel 22. Ẹ rẹ fọ́lúùmù sílẹ̀ kí ẹ tó yọ ohunkóhun. Níbi tí èèyàn púpọ̀ ti ń lo ẹ̀rọ kan, bíi sítúdíò tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ lẹ ìwé mọ́ ọn.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé àgbàlagbà lè gbọ́ ohùn tó jẹ́ 80 decibel fún wákàtí 40 láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Tó bá di 90, wákàtí 4 péré ni. Akọrin tó ń gbá ìsìn àti ìṣọ́ òru pọ̀ lè ti lo wákàtí mẹ́rin yẹn tán kí ọ̀sẹ̀ tó pé ìdajì. Etí tó bá ti lọ báyìí, kò sí resistor tó lè dá a padà.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń gé ìròyìn bíi tèmi: kí ẹ tó fi ètò apariwo kan ohùn ẹnikẹ́ni, ẹ gbé e gba inú rédíò kékeré tàbí sípíkà fóònù kọjá. Ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn olùgbọ́ wa ti ń gbọ́ wa. Tí ẹ ò bá gbọ́ "ṣìì" níbẹ̀, ẹ fi ohùn èèyàn náà sílẹ̀ bó ṣe wà.